Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: Ìsinmi Ọjọ́ Méjì àti Ìsinmi Ọ̀sẹ̀ Méjì

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í fi sínú ètò ìpàdé wọn, èyíinì ni owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń ná láti fi sinmi, àti ibi tí ó ti ń rí owó náà. Nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń yẹ̀ wò ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, owó tí a kọ pé a yá fún “ọlúdé” kì í wọ́n ní ìparí ọdún, òun náà sì ni ó máa ń pẹ́ jù kí a tó san án tán. Ìbéèrè wa nìyí: ṣé ìsinmi gígùn kan ṣoṣo lọ́dún ni kí ọmọ ẹgbẹ́ máa lọ, àbí ìsinmi kúkúrú, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí ìgbà mẹ́rin lọ́dún?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan alájẹṣẹ́kù. Ní ọdún 1939, ní orílẹ̀-èdè Switzerland ní Yúróòpù, a dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Reka, kí òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan lè máa kó owó ìsinmi jọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ a ra sítáǹbù ní iye tí ó dín díẹ̀ sí iye tí a kọ sí i lára, a sì fi í san owó ọkọ̀ ojú irin tàbí owó ilé ìtura. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wọn. Nígbà òtútù yìnyín a bo orí òkè bí òwú. Àwọn ará ìlú ńlá a wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọn a de pákó gígùn pẹlẹbẹ mọ́ ẹsẹ̀, wọn a máa yọ̀ bọ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú tán, wọ́n ti ń padà sílé. Ní Áfíríkà wa níbí pàápàá, àwọn ará Marrakech ní ilẹ̀ Mòrókò ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní òkè Oukaïmeden. Àwa kò ní yìnyín, ṣùgbọ́n a ní òkè, a ní òkun, a sì ní Sátidé, bí òkú àti ìgbéyàwó bá lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. (Ẹni tí ó lọ síbi òkú, tí ó wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí ó ná owó, tí kò sì sùn, kí ó má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìsinmi ni òun lọ.)

Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ìsinmi bá ti gùn tó ni àǹfààní rẹ̀ yóò pọ̀ tó. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní 2013 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nẹ́dálándì kò bá èyí mu. Ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ náà tó nǹkan bí ọjọ́ 23. Ara wọn yá jù lọ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ. Kò sì ju ọ̀sẹ̀ kìíní tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ tí ìyàtọ̀ tí ìsinmi náà mú wá fi pòórá. Àǹfààní ìsinmi kò ṣeé tọ́jú sínú àpò fún oṣù mọ́kànlá. Ó yẹ kí a máa tún un mú wá ni.

Fún àwa àgbẹ̀ àti oníṣòwò ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ìdí mìíràn tún wà. Kò sí ọ̀gá tí yóò fún wa ní lífù, iṣẹ́ wa kì í sì í dúró de ẹni fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó ní oko ọ̀pẹ mọ̀ pé nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 ni a fi ń padà sí ìdí ọ̀pẹ kan náà láti kọ ẹyìn. Bí ó bá pa ìgbà kan jẹ, ẹyìn a já sílẹ̀, a jẹrà, epo rẹ̀ kò sì ní dára mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì sí mẹ́ta wà láàárín tí ọ̀pẹ kò béèrè ẹni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa tí ń ṣe púpúrú. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi ní Ọjọ́bọ̀, ó di nǹkan bí ọjọ́ Ajé kí ó tó rọ̀ dáadáa tí a ó fi gún un, tí a ó fún omi rẹ̀ dànù, tí a ó mọ ọ́n róbótó, tí a ó gbé e ka orí iná kí èéfín yan án. Láàárín ìgbà náà, omi ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti fi àyè ìsinmi kúkúrú sílẹ̀. Àyè ọ̀sẹ̀ méjì ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti olówó oṣù yàtọ̀ díẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti 1974 sọ pé ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 léraléra ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi pẹ̀lú owó rẹ̀ pé, tí kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6. Òfin náà kò sì gbà kí agbanisíṣẹ́ fi owó rọ́pò ìsinmi yìí fún ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nítorí pé ẹ ń rìnrìn àjò ní Sátidé, ẹ kò nílò lífù mọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ jẹ́ tiyín, lífù náà jẹ́ tiyín. Àkókò Àjíǹde nìkan fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin gbáko, láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Ajé, láìfọwọ́ kan lífù rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Iye tí mo fẹ́ lò yìí kì í ṣe iye ọjà. Kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sí ibi tí ó jìnnà jẹ́ ₦20,000, ti ibi tí ó súnmọ́ jẹ́ ₦5,000, tí oúnjẹ àti ibùsùn sì jẹ́ ₦12,000 lójúmọ́. Ẹni tí ó lọ sí ọ̀nà jíjìn fún ọjọ́ 14 yóò ná ₦188,000. Ẹni tí ó lọ sí ìtòsí ní ìgbà mẹ́rin, ọjọ́ méjì méjì, yóò ná ₦29,000 lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ a sì jẹ́ ₦116,000. Ṣùgbọ́n ẹ pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ti ẹni àkọ́kọ́ kò pé ₦13,500, ti ẹnì kejì jẹ́ ₦14,500. Ojoojúmọ́ ìsinmi kúkúrú ló wọ́n jù! Bí ẹnì kejì bá sì lọ sí ọ̀nà jíjìn ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò ná ₦176,000 fún ọjọ́ mẹ́jọ péré, ìyẹn ₦22,000 lójúmọ́. Owó ọkọ̀ ni ó gbé e jẹ. Ìsinmi kúkúrú tí kì í ṣe ti ìtòsí, ìfowóṣòfò ni.

Níbo wá ni èrè ìsinmi kúkúrú wà? Ó wà ní ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bá ń dá ₦9,700 lóṣù ti ní owó ìrìn àjò kan lọ́wọ́ ní oṣù kẹta, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó yá ₦188,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ní èlé kọ́bọ̀ kan lórí náírà kan lóṣù lórí gbogbo owó náà, yóò san ₦22,560 ní èlé láàárín ọdún kan. Ó ju ₦17,500 lọ tí yóò máa san lóṣooṣù lórí ìsinmi tí ara rẹ̀ ti gbàgbé. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí wọn kò rin ìrìn àjò kankan, kò ní fọkàn balẹ̀ títí yóò fi san án tán. Owó tí ìbá ra garawa epo tàbí tí ìbá tún ẹ̀rọ gàrí ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ni a fi dè síbẹ̀.

Ìtòsí wa kò ṣófo. Láti Òkìtìpupa, Igbókọ̀dá kò jìnnà, ibẹ̀ sì ni a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọkọ̀ náà ń lọ sí Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun sì ti gba púpọ̀ nínú ilé rẹ̀; ó yẹ kí àwọn ọmọ wa fojú rí i. Ẹ bèèrè ẹ̀wù ìléfòó kí ẹ tó jókòó sínú ọkọ̀. Òkè Ìdànrè ń béèrè agbára orúnkún: àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ sì wà lókè níbi tí àwọn ará ìlú gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì láti 1996. Ó jìnnà díẹ̀, mo sì gbà pé ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin ni ó bá a mu.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kí ó ṣí òpó ọ̀tọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ fún owó ìfipamọ́ ìsinmi. Kí akọ̀wé má ṣe kà á mọ́ owó tí a fi ń díwọ̀n ẹ̀yáwó, kí akápò sì mọ ìgbà tí a ó gbà á padà. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá lè jùmọ̀ háyà bọ́ọ̀sì kan, owó ọkọ̀ a sì wálẹ̀. Ohun kan ni n kò ní fọwọ́ sí bí mo bá rí i nínú ìwé: kí a fi owó àpamọ́ gbogbo ẹgbẹ́ san owó bọ́ọ̀sì fún àwọn díẹ̀.

Ìsinmi gígùn ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí òbí rẹ̀ dàgbà sí ọ̀nà jíjìn, tàbí tí ọmọ rẹ̀ bímọ sí òkè òkun, kò lè fi ọjọ́ méjì ṣe é. Ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ náà nílò ju Sátidé kan lọ. Fún irú wọn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó náà ní ọdún méjì ṣáájú.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé yín tí ń bọ̀: ẹ̀yáwó mélòó ni ẹgbẹ́ yín fún ọmọ ẹgbẹ́ nítorí ọlúdé ní ọdún tó kọjá, mélòó sì ni a ti san tán? Nínú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ọjọ́ wo nínú oṣù ni iṣẹ́ lè dúró láìsí àdánù? Bí a bá ṣí òpó ìsinmi, èló ni kí ó kéré jù tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa dá?