Orógbó dáàbò bo ẹ̀dọ̀ eku: ṣé ó lè dáàbò bo tiwa náà?

Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà láàárín Agége àti Ìkẹjà, òórùn ọ̀dà àti tínnà ò lè ṣàjèjì sí yín. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé kẹ́ ẹ ṣáà máa jẹ orógbó, pé á fọ májèlé kúrò nínú ẹ̀dọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀. Òun ló ń bá wa yí májèlé padà sí ohun tí ara lè tọ̀ dànù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà míì, ohun tó yí i sí máa ń burú ju májèlé náà lọ. Ẹ wo carbon tetrachloride, kẹ́míkà tí wọ́n ń fi fọ aṣọ, tí wọ́n sì ń fi paná láyé àtijọ́. Tó bá dénú ẹ̀dọ̀, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ CYP2E1 á já ọ̀kan kúrò lára chlorine mẹ́rin tó ní. Èyí tó kù á wá di oníjàgídíjàgan: á máa kọ lu ọ̀rá tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Tí awọ náà bá ti ya, ALT àti AST tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á jò sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń wọ̀n tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀.

Orógbó tá a fi ń súre fọ́mọ tuntun pé kó gbó, kó tọ́, ti délé lábù tipẹ́. Láwọn ọdún 1980, Maurice Iwu, ẹni tó wá di alága INEC ní 2005, ṣèwádìí nípa ẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Olatunde Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ iṣẹ́ náà síwájú. Kolaviron là ń pe èròjà tí wọ́n ń fà jáde látinú orógbó. Wọ́n á fún ọ̀wọ́ eku kan ní májèlé nìkan, wọ́n á fún ọ̀wọ́ míì ní kolaviron pẹ̀lú májèlé. ALT àti AST àwọn tó gba kolaviron kì í ga tó ti àwọn tó kù, torí kolaviron máa ń pẹ̀tù sí oníjàgídíjàgan yẹn kó tó dé ara ọ̀rá.

Àmọ́ ẹ má sáré o. Eku kì í ṣe èèyàn. Kolaviron náà kì í ṣe orógbó tá a ń jẹ lẹ́nu: wọ́n á lọ orógbó gbígbẹ, wọ́n á yọ ọ̀rá ẹ̀, kí wọ́n tó fi acetone fà á jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, eku ti ń gba kolaviron kí májèlé tó dé.

Torí náà, ẹ má fi orógbó dípò ìbọwọ́, ìbòmú àti fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Ẹ má lo paracetamol ju gíráàmù 4 lọ lóòjọ́, ìyẹn oníhóró 500 mg mẹ́jọ. Ẹni tó bá lò ó jù, ilé ìwòsàn ni kó sáré lọ, kódà tí ara ò bá tíì ro ó. Wọ́n ní acetylcysteine níbẹ̀, wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló sì ti máa ń ṣiṣẹ́ jù. Tí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ sì dúdú, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ ṣì lè máa jẹ orógbó yín, àmọ́ ẹ má fi ẹ̀dọ̀ yín ta tẹ́tẹ́.