Bí Àtẹ́lẹsẹ̀ Bá Ń Jó Bí Iná

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń jó bí ẹni tẹ ẹyín iná, tàbí tó kú débi pé bàtà bọ́, a ò mọ̀. Ẹ má pè é ní làkúrègbé. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ló bàjẹ́.

Kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1958, wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí irú àìsàn iṣan bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn náà, Dókítà Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ní Ìbàdàn so ó mọ́ oró inú ẹ̀gẹ́ tí a ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹja tàbí ẹran tó tó. Nítorí náà, ẹ má kánjú yan gaàrí: ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírín ṣe bí ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò, kí ẹ sì fi ẹja jẹ ẹ́.

Káàkiri ayé lónìí, àtọ̀gbẹ ló ń fà á jù. Ẹ lọ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò. Parasitamọ́ kì í sábà ká irú ìrora yìí. Dókítà ní oògùn tirẹ̀, ẹ má yá ti ẹlòmíì lò. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná: ẹsẹ̀ tó kú kì í mọ̀ pé òun ń bó. Bí a bá ti ọjà dé, ká yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò bóyá egbò wà. Egbò kékeré tí a ò tọ́jú lè di ẹsẹ̀ gígé.

Ẹsẹ̀ la fi ń ná ọjà. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀.