Ikùn Tí Ó Bá Ni Dé Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire, ẹ̀yin tí ẹ fi ilé sílẹ̀, tí ẹ ré òkun kọjá, tí ẹ wá gúnlẹ̀ sí ìlú Ọba nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí ìwé, ẹlòmíràn yóò ti kọ́ yín bí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin àti bí a ti ń wá ilé gbé; ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà bá àlejò sọ títí yóò fi di ọwọ́ mọ́ inú ní òru, èyí sì ni pé ikùn tí ẹ gbé ti ilé wá, òun pẹ̀lú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú gẹ́gẹ́ bí olúwa rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà tí èmi àti rẹ̀ jọ gbé ilé kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí ó bá wọlé ní òwúrọ̀, kò ní tíì bọ́ aṣọ òtútù lọ́rùn tí yóò fi tẹ èbà, tí yóò bu ọbẹ̀ ata rodo lé e, orí ìdúró ni yóò sì ti jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tí ojú rẹ̀ ń wo fóònù, tí ó ń ṣírò owó ilé tí ó kù. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti na gbalaja sórí ibùsùn. Kò pẹ́ tí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, tí inú rẹ̀ le bí awọ ìlù, ó sì ní ọ̀tá ilé ni ó ń ta òun lọ́fà láti òkèèrè. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Bí a bá jẹun yó tí a sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́gán, omi kíkan tí ń da oúnjẹ nínú ikùn a máa gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun, òun ni ó sì ń ta ni bí iná. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé kí a ti jẹun tán ní wákàtí 3 sí 4 kí a tó sùn, kí a sì gbé ìhà orí ibùsùn sókè díẹ̀. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ gidi lọ síbi iṣẹ́, tí ó ń jẹ ẹ́ ní àkókò ìsinmi òru, tí ó sì ń jókòó mu ẹ̀kọ díẹ̀ tí kò kan ní òwúrọ̀, àyà náà rọlẹ̀.

Àwọn àgbà ní iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tí ó ti kọ ebè rẹpẹtẹ kí oòrùn tó kan àtàrí ni èyí. Ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè jẹ iyán àgbẹ̀ kí ó má wú u nínú. Ẹ máa bu oúnjẹ yín níwọ̀n, kí ẹ sì jẹ ẹ́ kúnná kí ẹ tó gbé e mì, nítorí pé ikùn kò ní eyín. Ẹ̀wà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ fi omi mìíràn sè é, nítorí pé díẹ̀ nínú ohun tí ń dá afẹ́fẹ́ síni nínú ti bá omi àkọ́kọ́ lọ. Ní ti wàrà, àgbàlagbà ìran wa tí ara rẹ̀ lè da ṣúgà inú wàrà kò pọ̀. Bí inú bá ń kùn yín tí ìgbẹ́ gbuuru sì ń yọ yín lẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dín in kù, kí ẹ wo ìyàtọ̀. Ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà, kí ó máa fi ẹ̀fọ́, èso àti omi kún oúnjẹ rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Èlùbọ́, ògì àti ẹ̀fọ́ ń bẹ lọ́jà ní Rye Lane ní Peckham. Kò yẹ kí búrẹ́dì àti indomie nìkan di oúnjẹ yín.

Síbẹ̀, oúnjẹ nìkan kọ́. Ẹ gbọ́ bí èdè wa ti ń sọ ọ́: inú ni ó ń dùn, inú ni ó ń bàjẹ́, inú ni ó ń bí ni, inú ni èrò ń gbé, inú kan náà ni oúnjẹ ń wọ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn òde òní náà sọ pé iṣan kan so ọpọlọ mọ́ ikùn, tí ìròyìn ń gba ibẹ̀ lọ, tí ó ń gba ibẹ̀ bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ro owó ilé, ìwé ìgbélùú àti ọmọ tí ó fi sílẹ̀ bí ó ti ń gbé òkèlè, àníyàn ni ó fi ń ṣe ọbẹ̀. Ẹ gbé fóònù tì. Ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Ẹ máa jáde rìn, pàápàá nígbà òtútù tí ilẹ̀ ń tètè ṣú. Ẹ sì wá ẹni tí ẹ ó máa bá sọ Yorùbá, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GP. Ní England, ọ̀fẹ́ ni, kò sì pọn dandan kí ẹ mú ìwé ìgbélùú tàbí ẹ̀rí ibùgbé dání. Apoògùn tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì yóò gbà yín nímọ̀ràn láìgba owó. Bí àyà bá ń ta yín ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 3, bí òkèlè bá ń há yín lọ́fun, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ lọ rí GP. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde, ẹ pe dókítà tàbí 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ń bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí inú ń run yín lójijì kọjá àfaradà, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè. Ẹ má ṣe fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Iṣẹ́ tí ẹ bá wá pọ̀, ara yìí náà ni ẹ ó sì fi ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ní alẹ́ òní, ẹ jókòó kí ẹ tó jẹun.