Ìmọ̀ràn Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Gbé Àwo Orin Líle Yín Àkọ́kọ́ Jáde

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ̀ ń ta gìtá iná, yálà Ìbàdàn lẹ wà tàbí Peckham, mo gbọ́ pé àwo orin yín àkọ́kọ́ ló kàn báyìí. Ó dùn mọ́ mi gidigidi. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń ra àwo rọ́ọ̀kì, èyí tí mo sì fẹ́ràn jù nínú wọn ni èyí tí ẹgbẹ́ olórin kọ́kọ́ fi jáde sí gbangba. Ẹgbẹ́ kan lè ṣe ogún àwo kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe èyí àkọ́kọ́ nìkan ni kò sí ẹni tó ń retí ohunkóhun lọ́wọ́ wọn, òmìnira yẹn kì í sì í padà wá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó wọ sitúdíò.

1. Ọwọ́ tí ẹ ní ni kí ẹ fi ta gìtá.

Ẹ gbọ́ ìtàn Tony Iommi. Ọmọ Aston ni, ní ìlú Birmingham, ìlú àwọn oníṣẹ́ irin. Ní 1965, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé irin pẹlẹbẹ. Ọjọ́ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn níbẹ̀, kó lè gbájú mọ́ orin, ni ẹ̀rọ já orí ìka rẹ̀ méjì lọ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì ni Iommi, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ló fi ń tẹ okùn gìtá. Àwọn dókítà ní kó gbàgbé orin. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló gbé àwo kan wá fún un, ó ní kó fetí sí i. Ìgbà tó gbọ́ ọ tán ni ọ̀gá náà tó sọ fún un pé Django Reinhardt ló ń ta gìtá náà, pé ìka méjì péré ló ń lò dáadáa lọ́wọ́ òsì láti ìgbà tí iná ti jó o ní 1928.

Ohun tí ọmọkùnrin yìí wá ṣe ni kí ẹ wò dáadáa. Ó mú ike tí wọ́n fi ń ta ọṣẹ ìfọwo, ó yọ́ ọ lórí iná, ó rọ ọ́ di róbótó. Nígbà tó tutù, ó fi irin gbígbóná dá ihò sí i, títí ó fi bá ìka rẹ̀ mu. Ó gbẹ́ ẹ, ó fi sáńpépà ha á, ó sì gé awọ lára jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí rẹ̀ kó má baà máa yọ̀ lórí okùn. Okùn gìtá ìgbà náà ṣì le jù fún irú ìka bẹ́ẹ̀, ló bá lọ ra okùn bánjò tó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi rọ́pò àwọn kan nínú wọn. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn náà sílẹ̀ kó lè rọrùn láti tẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ ketekete nínú Master of Reality, àwo kẹta tí Black Sabbath, ẹgbẹ́ rẹ̀, gbé jáde ní 1971. Ohùn gìtá náà wá jìn sí ìsàlẹ̀, ó wúwo bí irin. Ohùn yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹgbẹ́ olórin ṣì ń wá kiri títí di òní.

Bí a kò bá rí àdàn, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹ̀yin tí iná mànàmáná máa ń lọ láàárín ìgbáradì, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yín ń hó, tí ìka yín kò yára bí ti ẹni tí ẹ̀ ń wò lórí YouTube, ẹ wá orin tí ọwọ́ yín, bó ṣe wà yẹn, lè tà dáadáa. Ẹ kọ tiyín.

2. Ẹ kọ orin náà lójú agbo títí yóò fi mọ́ yín lára, kí ẹ tó sanwó sitúdíò.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1969, Iommi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ozzy Osbourne, Geezer Butler àti Bill Ward, wọ sitúdíò Regent Sound ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gba àwo wọn àkọ́kọ́, tí òun náà ń jẹ́ Black Sabbath, sílẹ̀, gbogbo wọn ń ṣeré pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n wà lórí ìtàgé. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n ti kọ àwọn orin yẹn lálaalẹ́ nílé ọtí àti ilé ijó, ní Birmingham àti ní Hamburg. Wọ́n ti rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń dákẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń mi orí. Wọ́n ti gé ohun tó yẹ kí wọ́n gé. Rodger Bain tó darí iṣẹ́ náà kò ní kí wọ́n tún ara wọn ṣe. Ó jẹ́ kí wọ́n ṣeré, ó sì gbà á sílẹ̀.

Ẹ fi orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà sí etí. Òjò ń rọ̀, àrá ń sán, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀ ni wọ́n fi ìwọ̀nyẹn kún un. Gìtá wá já wọlé pẹ̀lú ohùn mẹ́ta péré. Ìkíní àti ìkejì jẹ́ ohùn kan náà, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ẹ̀kẹta dúró síbi tí etí kò fẹ́ kó dúró sí, ó ń gbọ̀n, kò sì délé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlù Ward ń já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Ohùn mẹ́ta! Ẹni tó bá ti ta wọ́n fún èrò lọ́pọ̀ ìgbà nìkan ló lè ní sùúrù láti fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan bò wọ́n.

Nítorí náà, bí owó bá wà lọ́wọ́ yín fún ọjọ́ mẹ́wàá ní sitúdíò, ẹ ná ìdajì rẹ̀ sórí mọ́tò tí yóò gbé yín lọ ṣeré ní Abẹ́òkúta, ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ìlọrin. Kí ẹ tó padà dé, ẹ ó ti mọ orin tó yẹ kó wọnú àwo.

3. Ẹ dáàbò bo etí yín. Pete Townshend, onígìtá The Who, ti sọ ní gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ariwo orin ba etí òun jẹ́. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí. Kò wọ́n.

4. Ẹ má fi ọjọ́ ìkómọ ṣe ìdájọ́ ọmọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kejì ọdún 1970, ni Black Sabbath jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lester Bangs bú u nínú ìwé ìròyìn Rolling Stone ní Amẹ́ríkà, kò sì dá nìkan wà láàárín àwọn alárìíwísí. Àwọn tó ń fi owó ara wọn ra àwo kò bá wọn lọ: àwo náà dé ipò kẹjọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wú mi lórí ni pé ọdún yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi gbé Paranoid jáde, wọn kò sì dẹ ohùn wọn rọ̀ láti tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Èyí bọ́ sí ipò kìíní. Ẹ ka ohun tí wọ́n bá kọ nípa yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ padà sídìí ìgbáradì.

5. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ orúkọ sí àkọsílẹ̀.

Dọ́là 606 àti sẹ́ǹtì 17 ni Jack Endino gbà nígbà tí Nirvana gba àwo wọn àkọ́kọ́, Bleach, sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Seattle. Àwo náà jáde ní 1989. Kò sówó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Jason Everman, ọ̀rẹ́ wọn, ló san án. Nígbà tí àwo jáde, orúkọ rẹ̀ wà lára páálí gẹ́gẹ́ bí onígìtá, àwòrán rẹ̀ náà wà níwájú, bẹ́ẹ̀ kò ta gìtá kankan nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí òun àti ẹgbẹ́ náà fi pínyà. Lẹ́yìn tí Nevermind, àwo wọn tó tẹ̀ lé e, gba ayé kan ní 1991, àwọn èèyàn padà lọ ra Bleach lọ́pọ̀ yanturu.

Mo rọ̀ yín, ẹni tó bá yá yín lówó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yá yín lówó. Ẹni tó bá kọ orin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló kọ ọ́, kí ẹ sì pín in sí ìdá kí àwo tó jáde, nígbà tí kò tíì sí owó tí a ó jà lé lórí. Mo ti rí ọ̀rẹ́ tó jọ dàgbà tí wọn kò kí ara wọn mọ́ nítorí orin kan ṣoṣo. Bí ilé iṣẹ́ kan bá sì gbé ìwé àdéhùn wá, tí ó ní kí ẹ buwọ́ lù ú lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

6. Ẹ fi ojú yín rí páálí àwo kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwo Black Sabbath jáde, àgbélébùú tí a dorí rẹ̀ kodò wà nínú páálí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde ló fi síbẹ̀, àwọn olórin kò mọ̀. Orúkọ pé wọ́n ń bọ èṣù kò sì kúrò lára wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ orin tí Butler kọ fún wọn ń kìlọ̀ nípa èṣù ni. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí bàbá yín ń lọ mọ́ṣáláṣí, ẹ mọ ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ nínú ilé.

7. Ẹ mọ àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Orin ayé wà nínú fóònù yín. Ẹ wá àkísà wa níbẹ̀ náà. Ẹni tó bá sọ pé rọ́ọ̀kì kì í ṣe tiwa, ẹ bi í bóyá ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 1973. Ọdún yẹn ni BLO gbé Chapter One jáde: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akintobi lórí ìlù, Gbenga Odumosu lórí báàsì. Wọ́n ti bá Ginger Baker, onílù Cream, ṣeré kí wọ́n tó dá dúró. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College, tí wọ́n ń jẹ́ Ofege, ṣe Try and Love fún EMI lábẹ́ Odion Iruoje. Ọmọ ilé ìwé girama ni wọ́n! Gìtá wọn ń ké bí ẹni tí kò tíì mọ̀ pé ó yẹ kóun bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí pé àwọn òyìnbó tó ń kó àwo jọ mọ orúkọ wọn ju àwọn ọmọ Surulere lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Túndé Adébímpé, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí sí St. Louis. Ẹ gbọ́ àwo àkọ́kọ́ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, TV on the Radio, gbé jáde ní 2004, Desperate Youth, Blood Thirsty Babes. Orin kan wà níbẹ̀, “Ambulance”, tí wọn kò fi gìtá sí rárá. Ohùn ẹnu ni wọ́n fi kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwo rọ́ọ̀kì ni, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ìgboyà láti pa gìtá tì.

Ẹ gbọ́ àwọn àwo wọ̀nyí látòkè délẹ̀, ojú kìíní àti ojú kejì, láìfo orin kankan.

8. Ẹ tọ́jú ojúlówó ohun tí ẹ gbà sílẹ̀.

Ní Detroit, David, Bobby àti Dannis Hackney, ọmọ ìyá mẹ́ta, aláwọ̀ dúdú, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Death. Ní 1975 wọ́n gba orin méje sílẹ̀, orin tó yára, tó le, kí ayé tó mọ ohun tó ń jẹ́ pọ́ńkì. Clive Davis, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá kan, fẹ́ràn orin náà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n pa orúkọ dà. David ní rárá. Àdéhùn fọ́. Ní 1976 àwọn fúnra wọn tẹ ẹ̀dà 500 àwo kékeré tó ní orin méjì, kò sì sí ẹni tó kà á sí. Kí David tó kú ní 2000, ó kó téèpù náà lé Bobby lọ́wọ́, ó ní kó tọ́jú rẹ̀ nítorí ayé ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ Bobby kan wà níbi àríyá, orin kan ń dún, ó sì dá ohùn tó ń kọrin mọ̀: ohùn bàbá rẹ̀ ni. Bàbá kò sọ ọ́ fún wọn rí. Téèpù ṣì wà nílé. Ní 2009, ilé iṣẹ́ Drag City gbé orin méjèèje jáde gẹ́gẹ́ bí àwo.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́ ní sitúdíò, ẹ gba gbogbo fáìlì náà kí ẹ tó jáde níbẹ̀, gìtá lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹni tó ṣe kínní kọ̀ọ̀kan sí i. Ẹ má fi í sínú fóònù kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ iwájú pé ó wà níbẹ̀.