Ẹ Má Torí Aṣọ Ọ́fíìsì Jẹ Gbèsè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lẹ́tà iṣẹ́, ẹ kú oríire. Kí ẹ tó kọrí sí ọjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín ọjọ́ tí lẹ́tà dé sí ọjọ́ tí owó oṣù àkọ́kọ́ máa wọlé ni ọ̀pọ̀ yín ti ń tọrùn bọ gbèsè tí ẹ kò ní san tán kí ọdún tó yípo. Ẹ kò fi owó náà jẹun, ẹ kò fi san owó ilé. Kóòtù ni, bàtà ni, báàgì ni.

Mo mọ ohun tó fà á. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà kò parọ́. Ẹni tó bá wọ aṣọ játijàti jókòó síwájú oníbàárà, wọ́n á ti fojú di í kó tó lanu sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bójú mu yàtọ̀ sí aṣọ olówó gọbọi. Láti ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ni 70,000 náírà. Àwọn agùnbánirọ̀ ń gba 77,000. Ẹ yọ owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Erékùṣù Èkó kúrò nínú rẹ̀, ẹ yọ ti oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ wá wo ohun tó ṣẹ́kù. Kóòtù tuntun kò sí níbẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni owó tí à ń yá lórí fóònù. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, owó ti wọ àpò. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa yá irú owó bẹ́ẹ̀, ó fi ra síkẹ́ẹ̀tì àti bàtà gogoro. Ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà pé, owó oṣù kò tíì wọlé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn tó yá a lówó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀, títí kan ọ̀gá rẹ̀ tuntun, pé oníjìbìtì ni. Aṣọ tó rà kó lè níyì ló sọ ọ́ di ẹni ẹ̀tẹ́ lójú àwọn tó fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀ ní ọdún 2022, orúkọ àwọn tó gbàṣẹ sì wà lórí ìkànnì wọn. Ẹni tí ọ̀ràn bá ká mọ́, kó lọ wò ó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó gbàṣẹ náà, èlé ni yóò gbà. Sọ́gùńdogójì ni sọ́gùńdogójì ń jẹ́, ì báà wà lọ́wọ́ ìyálọ́jà, ì báà wà nínú fóònù.

Nínú àpótí aṣọ yín ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èwo nínú àwa Yorùbá ni kò ní aṣọ ẹbí nílé? Ti ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n, ti òkú ìyá àgbà, ti ìkómọ, ti ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ ìyá yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a wọ púpọ̀ nínú wọn, a ká wọn jọ, ó di kí ikán máa ṣọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ aṣọ ìbílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wa. Ìró àti bùbá ankara tí ẹ kò wọ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ bá télọ̀. Ìró nìkan lè di síkẹ́ẹ̀tì gígùn kan, kí ó tún ṣẹ́kù fún búláòsì. Ẹ̀yin ọkùnrin, agbádá àtijọ́ tí bàbá yín kò wọ̀ mọ́ láṣọ lára tó láti mú káfútáànù jáde. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ má kàn gé e. Léèsì tó ń dán yanran, ẹ fi í sílẹ̀ fún òde ọjọ́ Sátidé. Owó iṣẹ́ télọ̀ ni gbogbo ìnáwó yẹn, ọjọ́ Ẹtì oṣù kan sì ti ní aṣọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́. Ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì méjì àti ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó, tí àwọ̀ wọn bá bára mu, nítorí mímúra mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà nínú wọn. Dúdú kan, àwọ̀ eérú kan fún ìsàlẹ̀. Fún òkè, mo fara mọ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ju funfun lọ: ẹni tó ń wọ dánfó ní àárọ̀ mọ ohun tí eruku àti òógùn ń ṣe fún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ yan aṣọ tí òwú pọ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá hun kì í jẹ́ kí ara mí, òórùn abíyá kì í sì í tètè kúrò lára rẹ̀.

Ọjà bọ́síkọ̀nà ni mo máa ní kí ẹ lọ, ojú kò sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Kàtàngúà wà ní Abúlé Ẹ̀gbá, Aswani ń ná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Ìsọlọ̀, Yábà sì wà fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ gba ibẹ̀. Ẹ ṣáà rántí pé aṣọ àlòkù wà lára ohun tí Àjọ Aṣọ́bodè ní a kò gbọdọ̀ kó wọ Nàìjíríà. Bí ẹ bá rà á tí ó bàjẹ́, ẹ kò lẹ́ni tí ẹ máa fẹjọ́ sùn. Ojú yín ni agbẹjọ́rò yín.

Nítorí náà, ẹ tètè jí, ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú bélì. Ẹ na ṣẹ́ẹ̀tì sókè sínú oòrùn. Ibi tó bá ti gbó, ìmọ́lẹ̀ máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wo abẹ́ abíyá, ẹ yí ọrùn rẹ̀ padà, ẹ wo bóyá ó ti ń ṣí. Ṣòkòtò ńkọ́? Ìdí àti àárín itan ló kọ́kọ́ máa ń fẹ́lẹ́. Ẹ fa síìpù lọ, ẹ fà á bọ̀. Kò sí yàrá tí ẹ ó ti dán an wò, ṣùgbọ́n gbogbo ará ọjà mọ ti ọrùn: ẹ di bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ fi ìbàdí rẹ̀ yí ọrùn yín ká, bí etí méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn, ó sábà máa ń wọ̀. Kóòtù tí èjìká rẹ̀ bá tóbi, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dára tó. Télọ̀ lè fún ẹ̀gbẹ́, ó lè gé ọwọ́, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tú èjìká, owó iṣẹ́ rẹ̀ lè ju owó kóòtù lọ.

Bàtà àlòkù ló ń tan ènìyàn jù. Òkè rẹ̀ á máa dán, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbé ilé ìkẹ́rù pẹ́ títí ó ti kú sínú. Ọ̀sẹ̀ kejì ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rún bí àkàrà gbígbẹ, bóyá lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ bàtà náà po ní àárín, ẹ fi èékánná tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí tí ó bá là, ẹ fi í lé ilẹ̀. Bàtà aláwọ dúdú kan tó ṣeé rán, tí ṣobàtà lè pààrọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, sàn ju mẹ́ta tó ń bó lọ.

Ẹ má ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ ní bọ́síkọ̀nà. Làpálàpá àti kòkòrò tó ń fa ara yíyún kì í sọ fúnni kí wọ́n tó dé. Ẹ rẹ aṣọ tó kù sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ sá a sóòrùn gan-gan, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́. Kóòtù onírun àgùntàn máa súnkì nínú omi gbígbóná. Ẹ gbé tirẹ̀ fún alágbàfọ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìkìlọ̀ kan tún kù: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó yúnífọ́ọ̀mù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ kò tíì fojú rí ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ sá. Gbájúẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ sọ irú aṣọ tí ẹ fẹ́ fún ọmọ tó ń bọ̀ ṣáájú ọjọ́ tó máa wọlé, kó má baà ra ohun tí kò wúlò. Ẹ má sì fi ṣẹ́ẹ̀tì tó ń pààrọ̀ wọ̀ ṣẹ̀sín níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí aṣọ náà bá ti mọ́ tí a sì lọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gba owó oṣù bíi mẹ́ta ná kí ẹ tó bi í léèrè kóòtù.