Àgádágodo Ara Ìwé Orí Ẹ̀rọ

Bí ènìyàn bá ra ìwé lọ́jà, tí ó sì san owó rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tún kan ẹni tí ó tà á mọ́. Ó lè fi í yá ọ̀rẹ́, ó sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ìwé orí ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ kò ṣòro í ṣe, àwọn òǹtàwé a máa sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di àmì tí ojú kò lè kà, wọn a sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀dọ̀ ara wọn.

Èmi kò wí pé kí a jí iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Òun náà yóò jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Keje ọdún 2009. Amazon rí i pé ẹni tí ó gbé 1984 àti Animal Farm ti George Orwell wá sí ọjà wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì pa ìwé náà rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ Kindle àwọn tí ó ti rà á. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Michigan ti kọ àlàyé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ 1984 fún iṣẹ́ ilé-ìwé. Àlàyé kù, ìwé tí ó ń ṣàlàyé kò sí mọ́. Ta ni yóò dá iṣẹ́ ọpọlọ padà? Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì bá a parí rẹ̀ ní ọdún náà.

Ní ọdún 2019 ẹ̀wẹ̀, Microsoft ti ilé ìtàwé rẹ̀ pa, kọ́kọ́rọ́ sì bá a lọ. Ìwé tí ènìyàn rà kò ṣí mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dá owó padà.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí olè nínú àwọn oníbàárà wọ̀nyí. Olè tí ó já àgádágodo lẹ́ẹ̀kan ń ka tirẹ̀ láìsí ìyọlẹ́nu. Ẹni tí ó sanwó ni a ń ti ìlẹ̀kùn mọ́.

Nígbà tí Pottermore bẹ̀rẹ̀ sí ta ìwé Harry Potter ní ọdún 2012, àmì tí ó ń tọ́ka sí olùrà ni wọ́n fi sínú ẹ̀dà tí wọ́n tà, dípò àgádágodo. Olùrà lè gbé e láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Bí ó bá sì tú u ká, àmì yóò fi í hàn. Ní California, láti ọdún 2025, òǹtajà kò gbọdọ̀ pe irú òwò bẹ́ẹ̀ ní rírà láìsọ fún oníbàárà pé àṣẹ ìlò nìkan ni ó gbà. Ìkìlọ̀ nìyẹn, kì í ṣe àtúnṣe. Lójú tèmi, ilé ìtàwé tí ó bá ń kógbá sílé ní láti kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ lé olúkúlùkù olùrà lọ́wọ́, kí òun àti òǹtẹ̀wé sì ti kọ èyí sínú àdéhùn wọn kí wọ́n tó ta ẹyọ kan.