Ìtàdógún

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, Kétu ni ọ̀rọ̀ yìí ti mú mi. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù ni mo sọ fún ìyá mi àgbà pé mo fẹ́ gba ohùn àwọn ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Wọ́n ní: "Ìtàdógún òní ni kí o padà wá." Mo bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀; wọ́n ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọ̀la ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo sì dé ní ọjọ́ 18. Àwọn ìyá ti wá lánàá, wọ́n ti lọ!

Èmi ni mo ṣìṣe. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ẹ̀ta wà nínú ìjẹta, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń ná ọjà ọrún, ṣùgbọ́n àrún ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Ọrún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 16. Òní tí a fi bẹ̀rẹ̀ ló sọ ọ́ di 17. (Àwa tí à ń pe ọ̀sẹ̀ kan ní huit jours nínú èdè Faransé kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín.)

Ẹ wá wo ara ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ̀ta dín ní ogún" ló sún kì bẹ́ẹ̀. "Dógún" yẹn náà ló wà nínú ẹ̀ẹ́dógún. Ì- tó gba ipò ẹ̀- ló sọ iye di àkókò, bí ẹ̀sán ṣe di ìsán. Nínú gbogbo ohun tí mo kó bọ̀ láti Kétu, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ìyá mi àgbà tún dá ìtàdógún mìíràn fún mi. Alẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún ni mo ti sùn sílé wọn.